Òkúta Gbígbóná Ẹ̀yìn Odawna

Nǹkan méjì ni wọ́n bá lọ́wọ́ òkú náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún dúdú bí ìdí ìkòkò, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, ó sì tẹ̀ bí èékánná àtàǹpàkò. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì jọ ọ́ bí ìbejì, àfi pé àwọ̀ igi gbígbẹ ni tirẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó lórí àga, ó fẹ̀yìn ti pẹpẹ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀ bíi ti ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́ èsì. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti ìta.

Olúbáyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ òkúta tí wọ́n bá kó jáde látinú kànga epo wò, inú ilé tí wọ́n ń kó àwọn òkúta náà sí lẹ́yìn ọjà Odawna ló sì kú sí. Ẹ jẹ́ kí n júwe ilé ọ̀hún fún yín. Gbọ̀ngán gbọọrọ kan ni, pẹpẹ ga dé òrùlé lọ́tùn-ún lósì, àwo irin sì kún orí wọn, òkúta wẹ́wẹ́ nínú àwo kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wọlé, ariwo ọjà á kú lẹ́yìn rẹ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó. Nígbà náà, epo rọ̀bì Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ni, gbogbo ẹni tó ń wọ kóòtù ní Accra ló ń sọ̀rọ̀ kànga.

Yusif ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Cow Lane ni, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí òun àti Olúbáyọ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀, torí pé Olúbáyọ̀ ká a mọ́ ibi tó ti ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní àgọ́ ọlọ́pàá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: kọ́kọ́rọ́, ìjà, àti nǹkan méjì tó wà lọ́wọ́ òkú, èyí tí ó pè ní oògùn. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Yusif ń lọ sílé ẹjọ́ nìyẹn, ẹ̀sùn ìpànìyàn sì ni.

"Ó gbóná," ni Yusif ń sọ ṣáá nínú yàrá wa ní àgọ́. "Wallahi, Bàbá Àlàmú, òkúta yẹn gbóná! Àwo tó wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Nígbà tí mo rí i bó ṣe jókòó, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mo fọwọ́ dì í mú, mo yáa fi í sílẹ̀."

"Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó tutù," ni mo wí.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

"Ta ló dáná sí i?"

"Kò síná níbẹ̀. Kò séèéfín. Òórùn kan ni, bí ọ̀dà tí wọ́n ń tú sí títì, ẹyin tó ti bàjẹ́ sì tún wà nínú rẹ̀. Me pa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí gbọ́!"

Obìnrin tó jókòó ní igun yàrá náà dá ẹ̀pà tó ń jẹ dúró. Dókítà Morónfólú Àrówólò nìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti epo ní yunifásítì kan nílùú wa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní ilẹ̀ tàbí májèlé nínú, òun là ń ké sí. Èmi ń pè é ní Àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ, nítorí ojú rẹ̀ kì í gba ìwọ̀sí.

"Yusif," ó ní, "kí o tó tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ṣé o wọlé lọ wò bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀?"

Yusif wolẹ̀. "Rárá, Àǹtí. Mi ò kì í wọ inú ibẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Òkúta yẹn máa ń dún. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, màá ní 'Agoo!' Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn 'Amee', mo ti í pa nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Gánà rí, bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọ̀nà níbẹ̀ nìyẹn. Àlejò á ní agoo, onílé á ní amee, nígbà náà lẹsẹ̀ tó lè wọlé.

"Kò sì sẹ́ni tó dáhùn?"

"Kò sí."

"Olúbáyọ̀ gbọ́ ọ," ni Àǹtí sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni."

Nígbà tí a jáde, Tàíbátù, ìyá Yusif, ti ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Iná àti fáànù ló ń tà ní ọjà Okaishie, páálí gílóòbù kan ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti gbàgbé láti sọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, òun nìkan ni mo bí," ó ní. "Bí ó bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lé e. Kì í ṣe kí wọ́n pa á."

Àǹtí ràn án lọ́wọ́ láti sọ páálí náà kalẹ̀. Kò ṣèlérí kankan fún un. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

*

Nínú ilé òkúta, Àǹtí ò kọ́kọ́ wo àga tí ọkùnrin náà kú sí. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín pẹpẹ, ó ń fimú gbóòórùn bí ewúrẹ́. Lẹ́yìn pẹpẹ tó kẹ́yìn, ó rí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ó tì í, kò ṣí.

"Wọ́n ti ìdè rẹ̀ láti òdì kejì," ni mo sọ.

"Kí ló wà ní òdì kejì?"

Kò sí ẹni tó tíì béèrè. A yípo ògiri lọ sẹ́yìn. Yàrá gbígbòòrò kan ló wà níbẹ̀, àgádágodo tuntun wà lẹ́nu rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni ilé kékeré tí àrúgbó kan jókòó sí iwájú rẹ̀. Ràfíátù lorúkọ màmá náà.

"Ẹ káàsán o, Màmá."

"Ẹ káàsán. Ẹ wá nítorí rẹ̀, àbí?"

"Nítorí ta ni, Màmá?"

"Nítorí ọkọ mi. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́."

Àǹtí fara balẹ̀ jókòó ti àrúgbó náà lórí bẹ́ǹṣì.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, Màmá?"

"Búrẹ́dì. Inú yàrá yìí ni ààrò wa wà. Àtìgbà tí a ti sin ín, n kò dáná síbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dí ihò èéfín, mo fi páànù bò ó, mo fi amọ̀ rẹ́ ẹ, bí gbogbo oníbúrẹ́dì ṣe ń ṣe tí wọ́n bá pa ààrò tì, kí àdán má baà wọ̀ ọ́. Lóru ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ tí àwo irin ń dún. Ohùn tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi gbọ́ ni, mi ò lè ṣì í mọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ kan ògiri ààrò lẹ́yìn ibí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ó fọwọ́ hàn wá níbi tó gbé abọ́ omi kan sí lẹ́sẹ̀ ògiri. "Òǹgbẹ máa ń gbẹ ẹ́ tó bá ń ṣe búrẹ́dì."

"Ẹ ò jáde lọ wo ẹni tó wà níbẹ̀?"

Màmá wò ó lójú. "Bí ó bá jẹ́ òun ni, mi ò fẹ́ kí ó rí bí mo ṣe darúgbó. Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

Ẹyẹ kan ń họ páànù òrùlé lókè.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?" ni Àǹtí béèrè.

"Ọ̀gá àwọn olókùúta. Ó ní òun fẹ́ máa kó àpò òfìfo síbẹ̀."

*

Ọ̀gbẹ́ni Olúwarẹ̀mílẹ́kún ni ọ̀gá náà, ọmọ Èkó tó múra bí ọkọ ìyàwó. Ó ki wá káàbọ̀ sí ọ̀fíìsì rẹ̀ dáadáa, ó bu omi lé oògùn ẹ̀fọ́rí, ó gbé e mì.

"Ẹ má bínú. Láti ọjọ́ Ajé lorí ti ń fọ́ mi. Ìbànújẹ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ mi gidi ni Olúbáyọ̀."

"Kí lẹ ń retí kí ó rí nínú òkúta yẹn?" ni Àǹtí bi í.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Dókítà. Bóyá ó jiná."

Àǹtí yíjú sí mi. Ó mọ̀ pé mi ò gbọ́.

"Àlàmú, òkúta dúdú inú àwo yẹn, ẹrẹ̀ ni nígbà kan. Ewé já bọ́ sínú rẹ̀, igi jẹrà sínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ mìíràn wá bò ó, òmíràn tún bo ìyẹn, ó rì lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí ó bá ṣe ń jìn sí ni ilẹ̀ ń gbóná sí. Ooru yẹn, fún àìmọye ọdún, ló ń se ewé inú rẹ̀ di epo. Bí ooru ò bá tó, kò sí epo. Bí ó bá pọ̀ jù, epo á gbẹ di afẹ́fẹ́."

"Báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ewé náà wà níbẹ̀. Èérún rẹ̀ ṣì wà nínú òkúta. Bí ooru ṣe ń mú un ló ń dán sí, a sì lè fi ẹ̀rọ wo bó ṣe ń dán tó. Bí òkúta bá tutù lẹ́yìn náà, dídán yẹn ò ní padà. Ooru tó pọ̀ jù lọ tó rí rí, kì í gbàgbé rẹ̀."

Mo rántí àwọn àwo tó wà nínú òkùnkùn ilé yẹn, gbogbo wọn ń rántí, mo sì fẹ́ kí a kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Èyí tiyín ńkọ́, ọ̀gá?" ni mo béèrè. "Ó jiná?"

"Ó jiná dáadáa," ó ní. "Àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù."

"Ẹ ti dé ilé òkúta lọ́sẹ̀ yìí?"

"Rárá o. Mi ò tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀."

*

Àǹtí kó òkúta díẹ̀ nínú gbogbo àwo, láti ti orí kànga títí dé ti ìsàlẹ̀, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò rẹ̀. Nígbà tó pè mí, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Wá wò ó. Láti òkè, dídán ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ. Lójijì, níbí, ó fò sókè. Láti ibẹ̀ lọ dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ṣé o ti rí ilé tí màmá àgbà àti ọmọ ọmọ ti jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn?"

"Ìyẹn ò ṣeé ṣe."

"Kò tán síbẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú òkúta tó dà bí bàtà. Lára ohun alààyè, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wọ́n. Bí òkúta bá pẹ́ nínú ooru gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni ìdajì wọn á yí padà di ti ẹsẹ̀ òsì. Kò sẹ́ni tó lè kán wọn lójú. Nínú òkúta yìí, ewé ń dán bí arúgbó, àmọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kún ibẹ̀. Ooru ńlá ló jẹ, àmọ́ kò pẹ́ nínú rẹ̀."

"Ààrò búrẹ́dì," ni mo sọ.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúwarẹ̀mílẹ́kún mọ iṣẹ́ yìí. Ó máa ní òkúta yíyọ́ ló ta láti inú ilẹ̀ wá, tó jó àwọn tó kù lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mi ò sì lè fi bàtà já a nírọ́." Ó nawọ́ sí mi. "Gbé ohun tí ọ̀gá rẹ ní àgọ́ pè ní oògùn wá kí n rí i."

Mo kó nǹkan méjèèjì tí a gbà lọ́wọ́ òkú jáde nínú ọ̀rá. Ó fi ọ̀bẹ fá etí èyí tó dúdú, ó wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó wo èyí tó ní àwọ̀ igi gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

"Olúbáyọ̀," ó ní nígbà tó yá, "o káre."

*

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, a pe Olúwarẹ̀mílẹ́kún wá sílé òkúta. A ti tẹ́ àwo díẹ̀ sórí tábìlì. Àga òkú ṣì wà níbẹ̀, òun ò sì jẹ́ wo apá ibẹ̀.

Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ dídán fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dókítà, ṣé èmi ni kí n kọ́ yín? Òkúta yíyọ́ ló ti ìsàlẹ̀ ta wá. Ó jó wọn kíá, ó tutù. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún sẹ́yìn."

"Mo gbà," ni Àǹtí wí. "Ẹ bá mi wo eléyìí." Ó gbé nǹkan méjèèjì sórí bébà funfun. "Ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Oògùn ọlọ́dẹ yẹn kọ́?"

"Èèpo èkùrọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga yín lọ́dún tó kọjá, wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti sán, omi ẹrẹ̀ ń jò dànù. Kí ni wọ́n dà sínú rẹ̀ láti fi dí i?"

Ẹ̀rín náà dúró sójú rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀ mọ́.

"Èèpo èkùrọ́," Àǹtí dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ó bá òkúta ibẹ̀ jáde, ó wà láàárín wọn nínú àwo. Èyí tó ní àwọ̀ igi gbígbẹ, Olúbáyọ̀ ló ti yọ ọ́ pamọ́ nígbà yẹn. Èyí tó dúdú ti di èédú délẹ̀. Ọ̀gá, òkúta yíyọ́ tó ta ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún sẹ́yìn, ṣé òun ló wá jó èèpo èkùrọ́ ọdún tó kọjá?"

A gbọ́ tí àwo kan dún lórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ó dáa," ó ní, ó nu iwájú rẹ̀. "Ó dáa, mi ò fẹ́ ba orúkọ òkú jẹ́ ni. Olúbáyọ̀ ló ń sun òkúta yẹn. Ó fẹ́ kí n yìn ín. Ìwà rẹ̀ ló pa á."

"Ọwọ́ rẹ̀ mọ́," ni mo já lu ọ̀rọ̀. "Kò sí eérú, kò sí iná tó jó o. Ilẹ̀kùn kékeré tó lọ sí yàrá ààrò sì wà ní dídè láti òdì kejì. Òkú wo ló jáde lọ dè é, tó tún padà wá jókòó?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí," ni Àǹtí wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Olúbáyọ̀ rí i pé òkúta òun ń yí padà. Ó sá pamọ́ síbí kó lè mọ ẹni tó ń kó wọn. Yusif ní agoo, kò dáhùn, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó wà nílé. Ẹ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé nínú òkùnkùn, ẹ kó àwo lọ, ẹ ò rí i. Ẹ koná èédú kí òkúta lè dà bí èyí tó jiná lójú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ò mọ̀ pé oníbúrẹ́dì ti dí ihò èéfín. Afẹ́fẹ́ èédú kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn; òkúta ló ni òórùn tí Yusif gbọ́. Afẹ́fẹ́ náà gba ibi tí ògiri ti sán wọ inú ibí. Òun ló sọ ẹ̀jẹ̀ Olúbáyọ̀ di pupa rokoso bí dókítà tó yẹ òkú wò ṣe rí i. Òun náà ló ń fọ́ orí yín láti ọjọ́ Ajé."

"Èèṣì ni nígbà náà!" Ó fò dìde. "Ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín! Èmi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ ń kó o lọ, ẹ ò mọ̀." Àǹtí gbé èèpo dúdú náà sókè láàárín ìka rẹ̀ méjì. "Àwo kan ṣoṣo ni èèpo èkùrọ́ wà nínú rẹ̀, òun ni Yusif fọwọ́ kàn lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ tó ṣì gbóná. Nínú àwo yẹn ni Olúbáyọ̀ ti mú eléyìí, lẹ́yìn tó ti di èédú, lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkú kì í na ọwọ́, ọ̀gá. Ó ṣì wà láàyè nígbà tí ẹ gbé àwo yẹn kalẹ̀. Ẹ kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ lọ gbé òmíràn wá, ẹ tún kọjá níwájú rẹ̀."

Olúwarẹ̀mílẹ́kún jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo àga náà.

"Mo ní tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́," ó ní. "Mo rò pé ó ti kú. Lẹ́yìn náà ni ètè rẹ̀ mì."

"Kí ló sọ?"

"Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. Ó rò pé ọlọ́dẹ ni mí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀. "Amee, ló ń sọ. Amee. Amee. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dè é, mo sì ń gbọ́ ọ."

*

Wọn ò gbé Yusif lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e padà sí Cow Lane. Ìyá rẹ̀ ti sáré ṣíwájú wa lọ sílé, ó ní òun fẹ́ gbé omi kaná kí ọmọ òun lè wẹ ẹ̀wọ̀n kúrò lára.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ ilé ni Yusif, ó yẹ kó kàn wọlé. Kò wọlé. Ó dúró síta, ó di àtẹ́rígbà mú.

"Agoo," ó ní.

Inú ilé dákẹ́. Omi ń hó níbì kan.

"Agoo!"

"Amee!" ni Tàíbátù ké láti ẹ̀yìnkùlé. "Amee, ọmọ mi! Ta ló ní kí o dúró síta?"

Ìgbà náà ló tó wọlé. Èmi náà sì kọjá lọ sí Odawna, mo gun orí òrùlé Màmá Ràfíátù, mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣí páànù kúrò lẹ́nu ihò èéfín.